Ìgò Tó Ń Di Tapólì Mú

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti mọ ọtí pupa àwọn ará Faransé, n kì í fẹ́ sọ pé nídìí ẹja ni. Màá gbójú sókè díẹ̀, màá ká ètè mi bí ẹni tó ti gbé Párísì rí, màá ní, "Ó ti pẹ́." Ṣùgbọ́n nídìí ẹja ni, lọ́jà Òkìtìpupa, láàárín ẹja yíyan àti edé gbígbẹ, níbi tí àwọn eṣinṣin ti ń ṣèpàdé. Obìnrin tó ni ìsọ̀ náà, ọmọ etí òkun ni. Apẹja ni àwọn òbí rẹ̀, òwò ló gbé òun wá sí ìlú wa. Ìgbókòdá ló ti ń kó ẹja, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà Kùtọnù a sì máa bá a kó nǹkan mìíràn mọ́ ọn: ọṣẹ, ìrẹsì, tòmátò inú agolo, ohunkóhun tí wọ́n bá rí rà ní ọ̀pọ̀. Òun ń sọ ti etí òkun, èmi ń sọ Ìkálẹ̀, a sì gbọ́ra wa yé. Ti ilé ìwé ni mo fi ń kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín lè bá wa rẹ́rìn-ín.

Afẹ́fẹ́ ń jà lọ́jọ́ náà. Tapólì tó fi bo ẹja ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó fẹ́ fò lọ, àmọ́ nǹkan kan di etí rẹ̀ mú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kì í ṣe òkúta. Ìgò ọtí ni, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ẹrẹ̀. Mo fi ìka nu ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, mo sì kà á. Èdè Faransé, tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ni wọ́n fi kọ ọ́.

"Kí lo ṣe ń fi ọtí òyìnbó di tapólì mú?"

"Ọtí kín ni?" Ó tutọ́ sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ má rán mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi ló rò pé aládùn tí wọ́n ń rà fún ìsọmọlórúkọ ni, ló bá kó páálí kan wá. Gbogbo ẹni tó rà á ló dá a padà pẹ̀lú èébú. Wọ́n ní ó kan! Wọ́n ní ó ń há lẹ́nu! Wọ́n ní ọmọ ìkókó tí wọ́n fi tọ́ lẹ́nu ò tíì dákẹ́ ẹkún. Ìlú yín yìí ò sì ní òkúta, iyanrìn nìkan ló kúnlẹ̀. Nǹkan tó wúwo ni mo ń wá."

"Èló lo fẹ́ tà á?"

Ó wò mí bóyá orí mi pé. "Ẹ ra ẹja ná. Màá fi ṣe èènì fún yín."

Báyìí ni ìgò àkọ́kọ́ ṣe wọ ilé mi, gẹ́gẹ́ bí èènì ẹja àrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Olùkọ́ èdè Faransé ni mí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama agbègbè wa títí ìjọba fi ní kí n lọ sinmi. N kò dé Faransé rí. Ibi tí mo jìn dé jù ni Kùtọnù, òjò ló sì pa mí níbẹ̀ láti àárọ̀ títí mo fi padà. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni a máa ń dé ojú ewé kan nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn: bàbá, ìyá, àwọn ọmọ, búrẹ́dì tó gùn bí ọmọ odó, wàràkàṣì, àti ìgò kan tí ohun pupa wà nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún náà ni ọmọ kan tí ẹnu ń yún yóò bi mí pé kí ló wà nínú ìgò náà. Àwọn àlùfáà kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ wa, èmi náà ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ní omi ìṣápá ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti di bàbá ọmọ, wọ́n ṣì gbà pé omi ìṣápá ni àwọn ará Faransé fi ń jẹun.

Ọkọ mi kú, ilé wá dákẹ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí a bí ń gbé Èkó pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nínú ilé alájà kan tí èèyàn ò ti lè rí ilẹ̀ tẹ̀. A ò tíì sin bàbá rẹ̀ tán tó ti ń ní kí n kó ẹrù. Mo kọ̀. Ilé mi nìyí, igi àgbọn tí mo fọwọ́ mi gbìn nìyí, àwọn ará ọjà mọ̀ mí bí ẹni mọ owó. Kí ni màá máa ṣe lórí àjà, kí n máa wo orí ọkọ̀ bí? Ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, opó bíi tèmi, yóò kúrò ní Òde-Ayé wá bá mi gbé. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń sọ fún ọmọ mi lórí fóònù pé ara mi le, orí mi sì pé, mo lè dúró sílé mi. Ọjọ́ tó bá ní nǹkan kan ń ṣe mí, Èkó yá, kò sí àwíjàre.

Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá Ìjọ ni nínú ìjọ Aládúrà kan, àwọn tó ń wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọ náà kì í fọwọ́ kan ọtí. Wọn kì í mu ẹmu, wọn kì í mu bíà, ògógóró ni kí ẹ má tilẹ̀ dárúkọ. Èyí tó wá burú jù fún mi ni pé Màmá kì í purọ́. Kò mọ̀ ọ́n pa ni. Bí o bá se ọbẹ̀ tí kò dùn, tí o sì bi í pé ṣé ó dùn, yóò ní, "Rárá, Ìyàwó," yóò sì máa jẹ ẹ́ lọ. Ìyàwó ni orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ títí di òní tí orí mi ti funfun. Nígbà tí mo fẹ́ àbúrò rẹ̀, ojú mi ló ti bi ẹbí pé kí ni ọmọ Ìkálẹ̀ fẹ́ fi ìyàwó tó ń sọ Faransé ṣe, ṣé yóò máa fi pe adìẹ wọlé ni.

Nítorí náà mo fi ìgò mi pamọ́ sábẹ́ àpò gàrí. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Màmá lọ ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé e jáde. N kò ní irin tí wọ́n fi ń fa ìdérí ìgò. Ìdí orógùn ni mo fi ti ìdérí náà wọnú, ohun pupa náà sì tú sí mi láyà bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún. Mo bu díẹ̀ sínú ife tíì, mo tọ́ ọ wò. Olúwa ò! Ó kan, ó há, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì pọ̀ bí èèpo àgbálùmọ̀. Mo ní àwọn ará Faransé yìí, ṣé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ara wọn ni?

Ǹ bá dà á nù. Ebi ló gbà á sílẹ̀. Púpurù gbígbóná, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, wà lórí tábìlì pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ ewé wa tó dúdú bí èédú, tí ẹja yíyan inú rẹ̀ ń ta sánsán. Mo gbé òkèlè kan mì, mo sì fi ohun inú ife náà tẹ̀ lé e láìronú. Mo dúró. Mo tún gbé òkèlè mìíràn. Epo tó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu ti ṣí kúrò, adùn ẹja náà tún jí padà, ohun tó ń kan lẹ́ẹ̀kan sì ti di èso lẹ́nu mi. Oúnjẹ ló ń wá! Gbogbo ìlú ti ń mu ún lásán bí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n wá ń bú u pé kò dùn. Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi sá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di oníbàárà. Mo sọ fún obìnrin ẹlẹ́ja pé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa kó èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá yà sí ní Kùtọnù wá fún mi. Ó bi mí pé ṣé èmi náà fẹ́ di tapólì mú ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìlànà mi kò ṣòro. Àwọn olówó ìlú wa, bí wọ́n bá ń ṣòkú, ọtí ìlú Bordeaux ni wọ́n ń rà, nítorí pé orúkọ náà ń dún. N kò ní ibẹ̀ ò dára, ṣùgbọ́n ìdajì owó tí wọ́n ń san, orúkọ ni wọ́n fi ń rà. Èmi máa ń wá ìlú tí orúkọ rẹ̀ kò tíì dún. Gúúsù Faransé lọ́hùn-ún, ní ẹ̀bá òkun, oòrùn ń mú, ilẹ̀ sì kún fún òkúta. Níbẹ̀ ni Corbières wà, àti Minervois, àti Saint-Chinian. Àgbẹ̀ kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń kó àjàrà wọn jọ sí ìfúntí kan náà, bí àwọn ará Ìkọ̀yà ṣe ń kó ẹyìn jọ sí ẹbu kan náà láti fún epo. Owó ìgò kan wọn kò tó owó adìẹ tó rù. Mo máa ń yí ìgò padà ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó gbin àjàrà náà ló rọ ọ́ sígò, ọkàn mi á balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé adé wúrà àti ààfin ni wọ́n yà síwájú, tí wọn ò sì sọ ẹni tó ṣe é, mo ń fi í sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú.

Ìwé ara ìgò tún ní kí wọ́n má gbé ọtí pupa sínú fíríìjì, pé bí yàrá bá ṣe rí ni kí wọ́n mu ún. Yàrá ta ni? Bí oòrùn bá mú ní Òkìtìpupa, tíì lè hó fúnra rẹ̀ nínú yàrá. Mo wá ọgbọ́n dá sí i. Mo máa ń ri ìgò náà sínú àmù, ìkòkò omi mímu wa, títí ara rẹ̀ yóò fi tutù, màá sì yọ ọ́ kí Màmá tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Inú àmù náà ni àṣírí ti fẹ́ tú. Mo gbàgbé pé Màmá máa ń gbàdúrà sí omi inú rẹ̀. Mò ń rẹ́ ilá lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ igbe: "Ìyàwó! Wá wo ohun tí mo bá nínú omi ìyàsímímọ́!" Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́ ìka mi mọ́ ilá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà dání, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Saint-Chinian ni, wọ́n sì ya ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ní ilé agogo sára rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lára rẹ̀ yìí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ ẹni mímọ́ kan ni, Màmá."

"Àwọn wo ló ṣe é?"

"Wọ́n ní àwọn tó ń gbé ilé àdúrà ló kọ́kọ́ gbin àjàrà sí ìlú náà, Màmá."

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ò ní rí irọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn. Bó bá bi mí pé ṣé ọtí ni, èmi náà ò mọ ohun tí ǹ bá sọ, ṣùgbọ́n kò bi mí. Ó nu ìgò náà gbẹ, ó gbé e sórí pẹpẹ kékeré tó wà ní igun yàrá rẹ̀, ó sì tan abẹ́là síwájú rẹ̀. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ohunkóhun tó bá wọ ilé wa, ìbáà ṣe oyin, òróró, ọsàn, àní títí dórí aago ògiri tí ọmọ mi rà fún wa, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sun iwájú pẹpẹ kí a tó lò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́.

"Fi ìgbàgbọ́ mu ún," ó ní.

Mo fi ìgbàgbọ́ mu ún.

Láti ìgbà náà, n kò fi ìgò pamọ́ mọ́. Bí mo bá ti ọjà dé, orí pẹpẹ tààrà ni. Igun yàrá Màmá ṣókùnkùn, ó sì tutù ju àmù lọ, kò sì sí ẹni tó ń gbé ìgò náà gbọ̀n. Mo gbọ́ pé àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Faransé ń náwó kọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ nítorí irú èyí. Èmi rí tèmi pẹ̀lú àdúrà lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò pẹ́ sí i, Màmá bi mí pé ṣé ohun inú ìgò yìí lè ran orúnkún òun lọ́wọ́. Mo ní wọ́n ní ó ń mú ara yá. Ó gba ṣíbí kan, ó fajú ro, ó tún lá ṣíbí náà. Lọ́jọ́ kejì ó tún gba ṣíbí. Nígbà tó yá, ó ní ṣíbí ń da nǹkan sí òun láṣọ, kí n bá òun mú ife. Bí a ṣe wá ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ nìyẹn, púpurù láàárín wa, ife kan níwájú rẹ̀, ife kan níwájú mi. Ẹnu rẹ̀ ń mú sí i. Ó lè tọ́ ọ wò kó ní, "Èyí ò tó ti ọjọ́sí," bí èmi náà bá sì tún un tọ́ wò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Èyí tó wá láti Cahors ló fẹ́ràn jù, nítorí pé ó dúdú bí ọbẹ̀ marúgbó fúnra rẹ̀. "Dúdú yẹn" ló ń pè é.

Àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo tó mọ ẹni tí mo bá tan. Ó ń sọ fún mi nípa bàbá wọn, adẹ́mu tó ń dá ẹmu ọ̀gọ̀rọ̀ ní Òde-Ayé, bí bàbá náà ṣe ń kọrin láti orí igi kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé òun ò tíì já bọ́. Ó ń sọ nípa ọkọ mi nígbà tó wà ní kékeré, pé olè ẹja ni. Mo ń sọ fún un nípa omi ìṣápá, ó sì rẹ́rìn-ín títí fìlà funfun orí rẹ̀ fi yẹ̀. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ẹbí wọn. Mo wá rí i pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu. Bí ọmọ mi bá pè lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá á ní, "Ara ìyá rẹ le. Ó ń jẹun dáadáa." Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú mi á mọ́ bí ojú áńgẹ́lì.

Ẹni tó da omi sí i ni ẹ̀gbọ́n Màmá, olórí ẹbí wa, tí à ń pè ní Bàbá Òde-Ayé. Ó gbé epo pupa wá fún wa lọ́jọ́ kan tí èmi wà lọ́jà, tí Màmá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń wá ìgò òfìfo tí yóò rọ epo sí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná. Gbogbo ìgò tí a ti mu ló tò sílẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Bàbá yìí, kí ẹ mọ̀, kì í tíì fọ ẹnu láàárọ̀ tí yóò fi ta ògógóró sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Kí n tó ti ọjà dé, ó ti pe ọmọ mi: "Ìyá rẹ ti di ọ̀mùtí. Ìgò tó wà nílé yìí tó fi mọ ògiri."

Ọmọ mi pè mí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Mọ́mì, mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ máa palẹ̀ mọ́."

Níbí yìí, n kò lè fi ṣàwàdà. Ẹ̀rù bà mí. Mo rìn yí ilé ká, mo fọwọ́ kan ara igi àgbọn mi. Ohun tó tún ń dùn mí ju ti ilé lọ ni Màmá. Bí wọ́n bá bi mí níwájú rẹ̀ pé ọtí ni àbí kì í ṣe ọtí, yóò gbọ́ pé Ìyá Ìjọ ti ń mutí láti ọwọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀. Kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Mo bi í pé, "Màmá, kí lẹ máa sọ ní Sátidé?"

"Òótọ́ ni, Ìyàwó. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n sọ?"



Ní Sátidé, Bàbá Òde-Ayé ti to ìgò sórí tábìlì pálọ̀ bí ẹ̀rí níwájú adájọ́. Ọmọ mi jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, mo rí i lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, Bíbélì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń mutí ni?"

Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti gbé ọwọ́ sókè. "A ò ní í dájọ́ ohun tí a ò tọ́ wò. Èmi mọ ọtí. Ṣé ó ku èyí tí ẹ ò tíì ṣí?" Bàbá kò ní jẹ́ kí irú ìyẹn fo òun.

Mo gbé Cahors kan jáde, èyí tó kẹ́yìn lórí pẹpẹ. Mo ti ra irin ìfadérí nígbà náà, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Mo fa ìdérí yọ wẹ́rẹ́, ó dún pọ́ọ̀, ojú ọmọ mi sì túbọ̀ bàjẹ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá bu ife kún. Kò jẹ òkèlè kan, kò jẹ ẹja. Ó gbé orí sẹ́yìn, ó dà á sí ọ̀fun bí ẹni da ògógóró. Ojú rẹ̀ ká jọ bí ewé tí wọ́n ju síná. Ó fi ọwọ́ di àga mú.

"Éè ṣe ọtí!" ó kígbe. "Éè ṣe ọtí o! Ta ni yóò mu èyí fún ìgbádùn? Oògùn ni! Oògùn líle! Mo ti purọ́ mọ́ ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ó ku díẹ̀ kí n dìde jó. Mo ti ń wá bí màá ṣe fajú ro díẹ̀ kí ẹ̀bẹ̀ náà lè pọ̀ sí i. Ìgbà náà ni mo rí ọmọ mi tó dìde, tí omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Oògùn kín ni, Mọ́mì? Gbogbo ìgò yìí? Àìsàn wo ló ń ṣe yín tí ẹ fi ń pa á mọ́ fún mi? Ṣé bí bàbá mi ṣe pa tiwọn mọ́ náà nìyí?" Ó ti ń wá nọ́ńbà dókítà Èkó lórí fóònù rẹ̀.

Mo wo iwájú, iná ni; mo wo ẹ̀yìn, omi ni. Bí mo bá ní ọtí ni, ọ̀mùtí ni mí, Èkó yá. Bí mo bá ní oògùn ni, olókùnrùn ni mí, Èkó yá. Èmi tó fi ahọ́n gba oúnjẹ jẹ ní gbogbo ayé mi, ìdérí ìgò ni mo ń wá lórí tábìlì bí ẹni pé òun ló máa gbà mí.

"Ọtí ni," Màmá sọ láti kọ̀rọ̀.

Gbogbo wa yíjú sí i.

"Ọtí ni, ọma mi. Má da ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, òun ò fi oúnjẹ tì í. Bàbá adẹ́mu ló bí àwa méjèèjì. Ṣé ọtí á gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá kí n má dá a mọ̀? Láti ṣíbí àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ife kan ni ìyá rẹ ń mu, pẹ̀lú oúnjẹ. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n bu èkejì, èmi ni mo bù ú."

"Màmá, ẹ̀yin?" ọmọ mi ní.

"Èmi. O ní kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ tí nǹkan kan bá ń ṣe é. Nǹkan kan ò ṣe é. Èmi gan-an ni nǹkan ń ṣe kí n tó wá síbí. Ní Òde-Ayé, mò ń dá jẹun, mò ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mò ń padà sí bí o bá mú un lọ." Ó bọ́ fìlà funfun orí rẹ̀, ó ká a, ó fi sáàárín Bíbélì. "Èmi fúnra mi ni màá sọ fún ìjọ lọ́la. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo sunkún. Ọmọ mi jókòó padà, ó fi ọwọ́ bo ojú, nígbà tó sì ṣí i, ó ní kí a bu púpurù fún òun, òun ò tíì jẹun láti àárọ̀. Òun nìkan ló padà sí Èkó, pẹ̀lú epo àti ẹja yíyan nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá Òde-Ayé kó àwọn ìgò òfìfo lọ fún epo rẹ̀. Ó tún gbé èyí tí a ṣí dání, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, oògùn ò ṣeé fi ṣòfò.

Ìjọ kò fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gba aṣọ funfun lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ títí dìgbà tí wọn yóò fi rí i pé ó tó, wọ́n sì ní kó máa jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn àlejò àti àwọn tó pẹ́ dé ń jókòó sí. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọ aṣọ ilé bíi tirẹ̀, mo lọ jókòó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò wà, nítorí ẹlòmíràn ló ń lu agogo àdúrà tí òun máa ń lù. Mo gbé ọwọ́ náà sínú tèmi.

Nígbà tí àdúrà gùn, mo tẹ̀ sí i létí. "Màmá, ẹ mọ̀ láti ṣíbí àkọ́kọ́, ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ò bi mí."

Ẹ̀san mi ni mo jẹ yẹn. Mo gbé e mì. "Ó dáa. Kí wá ni ẹ ṣe ń tan abẹ́là síwájú àwọn ìgò yẹn lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀? Àdúrà wo lẹ ń gbà sí i?"

Kò yíjú sí mi. Ó ń wo pẹpẹ níwájú lọ́hùn-ún.

"Pé kó má tán ni, Ìyàwó."